Bí Ẹnìkan Bá Wọ Ilẹ̀ Oko Yín Nílé, Kí Ni Ẹ Ó Ṣe?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe ilẹ̀ ilé láàárín ìlú o, ilẹ̀ oko ni, èyí tí púpọ̀ nínú wa ní sílé nígbà tí àwa fúnra wa wà ní ìlú Ọba níbí. Òmíràn jẹ́ ogún bàbá. Òmíràn jẹ́ èyí tí a fi owó iṣẹ́ alẹ́ rà, éékà méjì tàbí márùn-ún lọ́nà Ìjẹ̀bú, Ìbàràpá, Ẹ̀pẹ́ tàbí Oǹdó, pé bí a bá fẹ̀yìn tì, a ó rí ibi padà sí. Ọjọ́ kan ni tẹlifóònù á kàn dún: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan wà lórí ilẹ̀ yín o."

Ohun tí a ń rí lára àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa ni pé ìbínú tàbí ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á fi owó ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí wọ́n wá ọmọ ìta lọ lé wọn. Ẹlòmíràn á dákẹ́, á ní òun ó rí sí i bí òun bá lọ sílé lọ́dún Kérésì. Méjèèjì ló léwu. Ìdákẹ́ onílẹ̀ ni ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ń jẹ. Kì í sì í ṣe ariwo ló máa ń gba ilẹ̀ sílẹ̀. Kí onílẹ̀ tètè fi hàn ní kíkọ sílẹ̀ pé ilẹ̀ òun ni àti pé òun kò gbà, òun ló ń gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

A kì í ṣe lọ́yà o. Ohun tí a kọ síbí, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ ó bi lọ́yà yín ni. Lọ́yà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ wà, nítorí kóòtù ibi tí ilẹ̀ wà ló ń dájọ́ ẹni tó ni ín, kì í ṣe kóòtù Lọ́ńdọ̀nù.

ẸNI WO LÓ WỌ IBẸ̀?

Lójú òfin, ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ ti ṣẹ̀, bí kò tilẹ̀ já ewé kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹ wo wọn:

(a) Ẹni tó ń kọjá, tó ń ṣa igi ìdáná, tó ń kó ìgbín, tó ń dẹ pakúté. Ará abúlé ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọn kò sì rí i bí ohun tó burú. Ọ̀rọ̀ lẹ́nu baálẹ̀ àti pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà ti tó. Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ bá la ilẹ̀ náà kọjá lọ sódò, ẹ má dí i kí ẹ tó béèrè. Wọ́n lè ní ẹ̀tọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ tó ra ilẹ̀.

(b) Àgbẹ̀ tó ń dáko. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló fi í síbẹ̀. Bí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín bá ti fi í síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe arúfin. Òfin mọ̀ ọ́n ní ayálégbé lórí ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀, ẹ kò sì lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ lé e. Ìjà yín, bí ìjà bá wà, ẹbí tó ta ilẹ̀ láìsọ fún yín ni kí ẹ bá jà.

(d) Ẹni tó ń wa iyanrìn tàbí erùpẹ̀ pupa, tàbí tó ń gé gẹdú. Èyí kò gba sùúrù, nítorí ohun tó bá ti kó lọ kò ní padà bọ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni láṣẹ láti wa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gé gẹdú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹ̀ka igbó ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, ìjọba pàápàá yóò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

(e) Ẹni tó ń kọ́lé. Òun náà lè ti sanwó fún ẹlòmíràn, kó ní rìsíìtì lọ́wọ́ bíi tiyín. Kì í ṣe gbogbo wọn ni olè. Nígbà mìíràn, ẹbí kan náà ló ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

(ẹ) Àjàgungbalẹ̀, tó kó jàǹdùkú àti kátápílà wá. Ẹ má ṣe rán ọmọ yín tàbí àbúrò yín lọ bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ kò tó ẹ̀mí.

(f) Darandaran pẹ̀lú màlúù rẹ̀. A ó sọ ọ́ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

KÍ NI Ẹ NÍ LỌ́WỌ́?

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ kó ìwé yín jáde lábẹ́ ibùsùn. Ní ọdún 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe tọwọ́ baba ńlá bọ̀; ìwé; ohun tí onílẹ̀ ti ń ṣe lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bíi kó tà nínú rẹ̀ tàbí kó fi ayálégbé síbẹ̀; pípẹ́ tó ti pẹ́ lórí rẹ̀ tó ń lò ó; àti pé ilẹ̀ tó yí i ká jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú márùn-ún. Ẹni tó rà tí kò tẹ ibẹ̀ rí fún ogún ọdún, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró.

Ṣé olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé yín? Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kan tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn kì í ṣe títà rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, àwọn yẹn lè ní kí kóòtù fagi lé e. Ẹ tètè mọ èyí tí tiyín jẹ́, kí lọ́yà ẹnìkejì tó sọ ọ́ fún yín.

Ṣé ẹ ní ìwé ìwọnlẹ̀, èyí tí a ń pè ní sọ́fè? Ẹ gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Wọ́n á sọ bóyá ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, àti bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Bí ìjọba bá ti gbà á, ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ yìí.

Ìwé C of O ńkọ́? Púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko kò ní i. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlànà ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìlú ńlá. Ẹni tó ti ń dáko lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ ní March 29, 1978, òfin kà á sí ẹni tó ti ní ẹ̀tọ́ yẹn. Nítorí náà, bí ogún bàbá yín kò bá ní C of O, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ ÀKỌ́KỌ́

1. Ẹ rán ẹni tó lórí pípé lọ wò ó, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹlòmíràn. Kó lọ wò ó ni o, kì í ṣe kó lọ jà. Kó ya fótò àti fídíò, kó kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà tó bá wà lára pátákó tàbí ọkọ̀, kó ka iye igi tí wọ́n gé tàbí bí ìpìlẹ̀ ilé ṣe ga tó. Kó béèrè lọ́wọ́ alábàágbé oko ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ pe awọnlẹ̀ kó wá àwọn òpó ààlà yín. Nígbà mìíràn ẹni tí a ń bá jà wà lẹ́yìn ààlà, tàbí ó wọlé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré nítorí pé pèrègún tó wà níbẹ̀ ti jóná. Ọ̀pọ̀ ìjà lè parí síbí.

3. Ẹ kọ lẹ́tà sí baálẹ̀ àti ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín. Àwọn ló yẹ kó jáde wá sọ pé àwọn ta á, àti fún ẹni tí àwọn tà á. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i.

4. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ̀wé sí ẹni tó wọ ilẹ̀: ibi tí ilẹ̀ wà, nọ́ńbà sọ́fè, ohun tó ṣe, ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ohun tó ń kọ́, kí wọ́n sì ya fótò rẹ̀.

5. Bí ilé bá ń ga sí i lójoojúmọ́, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà. Lọ́yà lè bẹ kóòtù kó pàṣẹ pé kí iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tó pẹ́ kó tó béèrè, adájọ́ á bi í pé níbo lo ti wà láti ọjọ́ yìí?

Ẹni tó bá ń ṣe gbogbo èyí fún yín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ aṣojú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public níbí. Lábẹ́ òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, kóòtù yóò gbà pé ojúlówó ni ìwé tí notary bá fi òǹtẹ̀ tì lẹ́yìn. Ẹ kọ ohun tí aṣojú lè ṣe sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé kò gbọ́dọ̀ tà. Kí lọ́yà nílé forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí WhatsApp kì í ṣe ìwé àṣẹ.

ỌLỌ́PÀÁ ŃKỌ́?

Ọlọ́pàá kì í dájọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn dídá mú ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí tẹ́ṣàn pé "ó gba ilẹ̀ mi", wọ́n lè ní kí ẹ lọ kóòtù, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ohun ìjà halẹ̀, bó bá hú òpó ààlà, bó bá gé kòkó yín lulẹ̀, bó bá lo ayédèrú ìwé, ọ̀ràn ni. Ìyẹn ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti ṣe òfin lórí àjàgungbalẹ̀. Ní ọdún 2016, Èkó ṣe tirẹ̀: ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ tàbí ilé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ènìyàn lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí. Lọ́dún kan náà, Ògùn ṣe òfin tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀wọ̀n ọdún 25, ikú sì ni bí ẹ̀mí bá bọ́ nínú ìjà náà.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin Èkó yẹn kò yọ onílẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi agbára gba ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin ọ̀daràn tó ti wà tipẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá fi ìjàngbọ̀n wọ ilẹ̀ tí ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ ní àlàáfíà ti dáràn, ì báà jẹ́ òun ló ni ilẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ ìta tí ẹ bá rán lè sọ ẹ̀yin tí ẹ jàre di ẹlẹ́bi? Bí wọ́n bá ṣá ènìyàn, orúkọ yín ló wà lára owó tí a fi ránṣẹ́.

BÍ MÀLÚÙ BÁ JẸ OKO

Èyí ti fa ìtàjẹ̀sílẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é. Èkìtì ṣe òfin lórí ìjẹko màlúù ní ọdún 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019. Lẹ́yìn tí àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Àsàbà ní May 2021, Oǹdó, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun náà ṣe tiwọn lọ́dún yẹn. Lábẹ́ àwọn òfin yìí, dída màlúù káàkiri kì í ṣe ohun tí onílẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ fara mọ́. Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020, ló sábà máa ń sún mọ́ oko jù.

Kí ẹni yín nílé ya fótò oko tó bàjẹ́ kí òjò tó pa ipa ẹsẹ̀ màlúù rẹ́, kó pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ láti wá ka ohun tó ṣòfò, kó sì fi tó Àmọ̀tẹ́kùn, ọlọ́pàá àti baálẹ̀ létí. Láwọn ibi kan, olórí àwọn darandaran wà tó ń bá baálẹ̀ jókòó, wọ́n sì máa ń san owó ohun tó bàjẹ́. Ẹ má ṣe pa màlúù, ẹ má fi májèlé sínú omi. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, aládùúgbò rẹ̀ ló lè san án lóru ọ̀la.

KÓÒTÙ ÀTI ÀDÉHÙN

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè gba kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn mú yín dákẹ́ títí, nítorí gbèdéke wà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá fi ọdún 12 kọjá kó tó pe ẹjọ́ láti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, ìlẹ̀kùn lè ti mọ́ ọn. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ tiyín lọ́wọ́ lọ́yà. Kódà kí gbèdéke tó pé, ẹni tó wo ẹlòmíràn níran títí tó fi kọ́lé tán lè pàdánù àánú adájọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní òró, bíi mẹ́fà irú rẹ̀ ló wà nínú éékà kan. Ká ní ẹ ní éékà márùn-ún, ọgbọ̀n pulọ́ọ̀tì nìyẹn. Ká wá ní ẹni tó sanwó fún ẹlòmíràn láìmọ̀ ti kọ́lé sórí méjì. Bí ó bá gbà láti ra méjèèjì lọ́wọ́ yín, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù jẹ́ tiyín, ó lè sàn ju ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹlẹ́rìí tuntun lẹ ní yẹn, lẹ́bàá ààlà yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn fojú fo méjì yẹn láìsí ìwé, ẹ ti sọ fún ẹni tó tà á pé ọgbọ̀n ló wà fún títà.

Bákan náà ni àgbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló gbìn, ẹ jẹ́ kó kórè. Bó bá jẹ́ kòkó tàbí ọ̀pẹ, ẹ ka igi kí ẹ sì sọ iye. Tàbí kí ẹ ní kó dúró, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ kékeré, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ gbà á láyè. Ẹni tó wà níbẹ̀ nípa àṣẹ yín kò lè fi iye ọdún tó lò gba ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ yóò sì máa wà lára ilẹ̀ náà lójoojúmọ́ nígbà tí ojú yín kò sí níbẹ̀. Fún ìlàjà, Èkó ní ilé ìpẹ̀tùsíjà ìjọba láti ọdún 1999. Ẹ béèrè bóyá irú rẹ̀ wà nítòsí yín.

Ẹ NÍ ÌWÉ ÌNÁWÓ

Iṣẹ́ ìṣírò ni a kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó jáde, ẹni tó gbà á, àti nọ́ńbà rìsíìtì. Adájọ́ lè fún yín ní owó ìtanràn kékeré nítorí pé wọ́n wọ ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n owó òfò gidi, ìyẹn igi kòkó igba, fẹ́ǹsì, owó awọnlẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kóòtù máa ń fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀rí hàn. Ohun tí kò sí nínú ìwé, a jẹ́ pé kò ṣòfò nìyẹn. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé ìwé náà á fi hàn yín bí owó "ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i" bá ti ń ju iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ. A ti rí ẹni tó jẹ́ pé aṣojú rẹ̀ gan-an ni ìjà náà ń bọ́.

KÍ WỌ́N TÓ WỌ IBẸ̀

Ohun tí a kò bá fẹ́ kó nù, ojú la fi ń tọ́ ọ. Bí àlàáfíà bá ṣì wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ ṣe àwọn nǹkan yìí lọ́dún yìí:

– Ẹ gbin pèrègún tàbí lápálápá yí ààlà ká. Owó rẹ̀ kò tó ti búlọ́ọ̀kù, ó sì ń wà pẹ́.
– Ẹ ri pátákó mọ́lẹ̀, kí nọ́ńbà lọ́yà tàbí aṣojú wà lára rẹ̀.
– Ẹ fi àgbẹ̀ tó níwà síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ilẹ̀ tí igbó bò ló ń pe àjàgungbalẹ̀.
– Kí ẹnìkan máa ya fótò rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó sì fi ránṣẹ́.
– Ẹ kí baálẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí wọn kò mọ ojú rẹ̀ lábúlé, wọn kì í mọ ilẹ̀ rẹ̀.
– Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín tí wọ́n bí síbí pé ilẹ̀ wà, ibi tó wà, àti ibi tí ìwé rẹ̀ wà. Bí ọlọ́jọ́ bá dé láìsọ, àwọn tó wà nítòsí nìkan ni yóò mọ̀.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti wà lọ́rùn yín, ẹ má ṣe dá a rù. Ẹ kó ẹ̀dà ìwé yín wá lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ràn wa, kì í ṣe ojúlówó o, ẹ fi ojúlówó sílé. A ó bá yín to ìwé náà ní ọjọ́ sí ọjọ́, a ó sì bá yín kọ ìbéèrè tí ẹ ó bi lọ́yà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá pàápàá, ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ sì kọ déètì sí i lórí.